Ẹni Tó Fi Dọ́là Ra Oorun Orí Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Chicago, ẹ̀yin ti Milwaukee, ẹ̀yin ti Minneapolis tí òtútù ti fi ojú yín rí màbo láti oṣù Kọkànlá, ẹ kú àjàbọ́ o. Ooru ti dé. Òyìnbó àdúgbò ti gbé àgọ́ jáde láti inú gáréèjì, ó ti tẹ́ ẹ sórí koríko, ó ń gbọn eruku ọdún tó kọjá dànù. Ọkùnrin tó ni ilé oníyàrá mẹ́rin, tó ní bẹ́ẹ̀dì tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn lé láìfara kanra, òun ló fẹ́ fi owó ara rẹ̀ lọ sùn lórí gbòǹgbò igi ní Wisconsin. Onílé kò lé e. Ìyàwó kò tì í síta. Kò jẹ gbèsè tí wọ́n fi ń wá a. Ó kàn wù ú ni!

Àwọn bàbá wa mọ irú oorun bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sanwó kí wọ́n tó sùn ún. Abà ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀fọn ń kọrin sí wọn létí lóru, eégbọn ń mu wọ́n lẹ́jẹ̀ lọ́sàn-án, odò ni wọ́n ti ń pọnmi, èéfín igi ni àwọn ìyá wa fi ń sunkún lójoojúmọ́. Wọ́n ta kòkó, wọ́n fi rán wa níléèwé kí ojú wa má baà rí ohun tí ojú wọn rí. A kàwé. A gba físà. A wọ bàálù dé Amẹ́ríkà, a ríṣẹ́, iṣẹ́ náà sì dáa. Ọ̀gá wa wá rí i pé ọmọlúàbí ni wá, ó ní òun fẹ́ ṣe wá lóore: ká tẹ̀lé òun lọ sí abà lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní odò wà níbẹ̀. Ó ní igi la ó fi dáná. Ó ní ká mú àwọn ọmọ dání, kí ojú wọn lè là!

Ẹ dán an wò, ẹ pe ìyá yín ní Ìbàdàn, ẹ sọ fún un pé káńpù lẹ ń lọ. Inú rẹ̀ yóò dùn. Ohun tó máa béèrè ni pé ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi gbààwẹ̀. Káńpù tí ìyá mọ̀ ni èyí tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń jí òru gbàdúrà. Ẹ wá ṣàlàyé fún un pé kò sí pásítọ̀ níbẹ̀, kò sí ìpàdé ìtúsílẹ̀, kò sí òróró, pé ẹ kàn fẹ́ sùn sínú igbó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ Àìkú ni. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Yóò ní kí ẹ fún ìyàwó yín ní fóònù, yóò wá rọra bi í bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ òun.

Ṣé ẹ ṣì fẹ́ lọ? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀, nítorí igbó ju igbó lọ. Òyìnbó yóò máa fi ìràwọ̀ fa ojú yín mọ́ra. Yóò sọ̀rọ̀ ẹyẹ, yóò sọ̀rọ̀ atẹ́gùn tútù, yóò ní àfẹ̀mọ́jú ibẹ̀ kò láfiwé. Ẹ má dá a lóhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ilé ìyàgbẹ́ ibẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá dáhùn tààrà pé omi wà, iná wà, ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná wà, ẹ bá a lọ. Bí ó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ mọ̀ pé ṣáláńgá ni. Ìjọba lè fi símẹ́ǹtì kọ́ ọ, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kí wọ́n fi páìpù fa òórùn rẹ̀ gba orí òrùlé lọ, ṣáláńgá ni. Ìyá ìyá mi ì bá dá a mọ̀ láti òkèèrè. Bí ó bá sì gbé ṣọ́bìrì kékeré kan lé yín lọ́wọ́, tó ní kí ẹ rìn jìnnà sí odò kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún un pé wọ́n ń pè yín níbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Devil's Lake, nítòsí ìlú Baraboo, tí ọkọ̀ ń fi nǹkan bí wákàtí mẹ́ta rìn láti Chicago. Ní 1911 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Wisconsin. Adágún omi kan ló wà láàárín, àpáta aláwọ̀ osùn dìde lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, wọ́n ga tó ẹsẹ̀ bàtà 500. Ó lẹ́wà débi pé ènìyàn yóò gbàgbé owó tó san. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ! Àwọn Ho-Chunk tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ka omi yìí sí ibi mímọ́. Òyìnbó dé, ó fi èṣù sí i. Ẹ lọ bi ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ bóyá bọ́ọ̀sì wọn lè yà síbẹ̀. Ìyá kan ní òun kò ní í kọjá lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ọ̀tá sí, kí òun tún wá sanwó fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ìyá fọkàn balẹ̀, ààyè tiẹ̀ kò sí. Oṣù 11 ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí ìwé ààyè sílẹ̀ ní àwọn ọgbà ìjọba Wisconsin. Obìnrin tí kò tí ì fẹ́ra kù lè gba ààyè lónìí, kó lóyún, kó bímọ, kó kó ọmọ jáde, kó ṣì rí àsìkò ra àgọ́. Òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Láàárọ̀ kùtù ló ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì. Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá. Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá á pe bọ̀dá: "Ṣé ká lọ síbi káńpù yẹn lọ́la?" Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà ọgbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ènìyàn 14 nínú ọkọ̀ méjì, wọ́n á ní àwọn mọ ẹnì kan tó mọ ọ̀gá ibẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé kò mọ ọ̀gá kankan. Ó ní ojú àgọ́ kan kò gbà ju ènìyàn 6 lọ, àfi tí wọ́n bá jẹ́ ẹbí kan. "Ẹbí ni wá!" Gbogbo wọn ló dáhùn. Ọmọ ọlọ́mọ ṣèèṣì bi wọ́n pé báwo. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó parí bí ìyá bọ̀dá àgbà àti bàbá ìyàwó bọ̀dá kékeré ṣe jọ tan ní Ìlá.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti Illinois ń san owó ẹnu ọ̀nà ju ti ará Wisconsin lọ. A ti búra níwájú adájọ́, a ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀, a ti fi ọwọ́ láyà kọrin orílẹ̀-èdè. A dé Baraboo, a tún di àjèjì.

Kò mọ lórí ènìyàn nìkan. Ẹ gbé igi ìdáná láti Chicago kí ẹ wá wò ó. Igi tí a fẹ́ dá ní ọgbà ìjọba Wisconsin kò gbọdọ̀ wá láti ibi tó jìnnà ju máìlì 10 lọ, kò sì gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, àfi èyí tó bá ní ìwé ẹ̀rí. Kòkòrò kan ló fà á, emerald ash borer, aláwọ̀ ewé kékeré báyìí tó ti Éṣíà wá. Wọ́n rí i ní Michigan ní 2002, ó dé Wisconsin ní 2008, ó sì ti pa igi ash lọ rẹpẹtẹ. Abẹ́ èèpo igi ìdáná ló máa ń sá pamọ́ sí rìnrìn àjò. Òfin náà bọ́gbọ́n mu, mi ò ní í bá wọn jà. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe máa dun ọmọ Nàìjíríà tó ti jókòó sí ẹ́ḿbásì lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kòkòrò wọlé láìní físà, igi ni wọ́n wá ń béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ jìyà, àmọ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tó jìyà. Àwọn wọ̀nyí ló ń ra ilé onítáyà. Ìlú Elkhart ní Indiana ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n pọ̀ sí jù, débi pé ìlú náà ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú ilé onítáyà fún gbogbo àgbáyé. Forest City, ní Iowa, ni ilé-iṣẹ́ Winnebago ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1958. Ilé ni o! Fíríìjì wà nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà, ẹ̀rọ amúlétutù wà, ilé ìwẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya wà. Bàbá yóò wà á wọ igbó, yóò ki wáyà rẹ̀ bọ òpó iná tí wọ́n rì síbẹ̀, yóò tan amúlétutù, yóò gbé àga síta, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ọpẹ́ o, mo bọ́ lọ́wọ́ ìlú." Bàbá, ìlú náà lẹ wà wá yìí.

Àmọ́ ẹ dúró di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àgbá ẹ̀gbin tó wà lábẹ́ ilé onítáyà ti kún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u sí ibi tí ọgbà pèsè kí wọ́n tó gba ilé lọ. Ìlà á gùn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó àtijọ́ mọ agbépòó: òru ló ń rìn, ó ń bo ojú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bú u, kó má baà sọ ẹrù kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún. Ẹ wá wo agbépòó Wisconsin lójú ọ̀sán gangan! Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó di páìpù mú, ó ń súfèé, ó ń bá ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Iye tó ra ilé onítáyà yẹn yóò kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òṣogbo, òun fúnra rẹ̀ náà sì ni agbépòó ilé rẹ̀.

Bí ọmọ kéékèèké bá wà lọ́wọ́ yín, ọgbà ìpàgọ́ Jellystone ni wọ́n máa fà yín lọ, níbi tí géńdé kan ti gbé awọ béárì wọ̀, tó dé fìlà, tó so táì, tó ń dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Sturgeon Bay, ní Wisconsin yìí náà, ni wọ́n ti ṣí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1969. Egúngún ni, àfi pé kò mú pàṣán lọ́wọ́. Ẹ sanwó, ẹ ya fọ́tò, ẹ máa lọ.

Ká wá sọ ti eré. Ẹja pípa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí. Apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Wisconsin ni àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Driftless. Yìnyín ayé àtijọ́ tó tẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Midwest pẹrẹsẹ kò dé ibẹ̀, ìyẹn ni òkè àti àfonífojì fi kún ibẹ̀, tí odò tútù sì ń ṣàn nínú wọn, tí ẹja trout ń gbé inú odò. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀. A gbà á. A sanwó. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọ omi dé itan, ó ń ju okùn síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ó pẹ́ títí, ẹja gbé e. Ẹja gidi! Ìyàwó bọ̀dá kan tó bá wa lọ ti gbé ata kaná, ó ti gé àlùbọ́sà. Ọ̀gá fa ẹja jáde, ó wò ó tìfẹ́tìfẹ́, ó bá a ya fọ́tò, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dá a padà sómi. Ó dá a padà! Igbe tí ìyàwó bọ̀dá ké, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí igi ló fò. Ó ní ṣé kíkí ni wọ́n kàn fẹ́ kí ẹja náà ni.

Ọ̀gá ní eré ni. Ó ní àsìkò kan tiẹ̀ wà lọ́dún, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, tí òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú trout inú odò wọ̀nyí relé. Bí ó bá gbé e, kó dá a padà. Oṣù Kìíní! Wisconsin! Ènìyàn wọ ṣòkòtò rọ́bà, ó dúró sínú odò láàárín yìnyín, imú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wá ẹja tí kò ní í jẹ. Lójú tèmi, àwọn ẹja yẹn á ti máa dá oníbàárà wọn mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yóò gbọ́ nípa ọ̀nà tó lọ láti Elroy dé Sparta. Ọ̀nà rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n hú irin, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní 1967, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Sparta wá ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú kẹ̀kẹ́ Amẹ́ríkà. (Ẹ ti ń fura? Ní Midwest, ìlú tó bá ti ní òpópónà méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ olú-ìlú nǹkan kan.) Máìlì 32 ni ọ̀nà náà, ó tẹ́jú, mọ́tò kì í gba ibẹ̀, ọmọdé lè gùn ún, àgbà lè gùn ún. Ìṣòro ibẹ̀ kò ju ihò 3 tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè kọjá lọ. Èyí tó gùn jù tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì kan. Kò sí iná níbẹ̀. Omi ń kán láti òkè. Òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun nínú ooru oṣù Keje. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ̀kalẹ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì, kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Yorùbá tó ti ń wo fíìmù Yorùbá láti kékeré mọ ohun tó ń gbé inú irú ihò bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá wa kan, onímọ̀ ẹ̀rọ tó gboyè ọ̀mọ̀wé, dúró lẹ́nu ihò yẹn, ó mú Sáàmù 91 láti orí. Ìdajì ọ̀nà ló ti parí rẹ̀, ló bá tún un bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan tó ń bọ̀ lódìkejì kí i pé ẹ káàárọ̀. "Orúkọ Jésù!" ni bọ̀dá fi dá a lóhùn. Òyìnbó náà fara mọ́ ògiri kó lè kọjá.

Àmọ́ ibi tó wù mí jù ni àfonífojì Kickapoo, mo sì ní ìdí. Odò tó ń ṣàn nínú rẹ̀ gùn tó nǹkan bí máìlì 125, ó sì wọ́ kọjá sísọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ alájẹ̀ láàárọ̀ yóò tukọ̀ tukọ̀ títí ọ̀sán, yóò wòkè, yóò tún rí òpópónà tó rí láàárọ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwọn afárá kí ènìyàn lè mọ ibi tó dé. Tọkọtaya tó bá jọ wọ ọkọ̀ kan níbẹ̀ kí wọ́n ti parí ìjà ilé kí wọ́n tó kúrò nílé, torí ẹni tó wà níwájú ló rí òkúta, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń darí, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ ni pé ọmọ Nàìjíríà kò lè débẹ̀ kó má rántí ilé. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sé odò náà nítòsí La Farge, kí àgbàrá yé da àwọn ará ìsàlẹ̀ odò láàmú, kí adágún ńlá sì wà fún ìgbafẹ́. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn ẹbí kúrò lórí oko tí bàbá bàbá wọn ti ń dá. Katakata dé, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé ilé gogoro onísímẹ́ǹtì dìde, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, inú rẹ̀ ni omi ì bá máa gbà jáde. Nígbà tó di 1975, iṣẹ́ dúró. Owó iṣẹ́ ti ga kọjá iye tí wọ́n dá lé e, àríyànjiyàn sì ti pọ̀ lórí ohun tí omi adágún náà yóò dà bí ó bá kún tán. Wọn kò rí adágún, wọ́n ti pàdánù oko. Ilé gogoro náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ẹ̀yin ará mi, àkànṣe iṣẹ́ tí wọ́n pa tì! Ní Amẹ́ríkà! Ilé-iṣẹ́ irin Ajàókúta ní àbúrò, a ò mọ̀! Bọ̀dá onímọ̀ ẹ̀rọ yẹn dúró níwájú ilé gogoro, ó ṣí fìlà, ó ní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí òun ti dé, òun mọ̀ pé ènìyàn ni àwọn wọ̀nyí náà. Ó wá bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri pé agbaṣẹ́ṣe wo ló kó owó náà jẹ, ilé rẹ̀ dà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọkùnrin náà kò mọ ohun tó ń béèrè.

Àwọn àgbẹ̀ tó pàdánù oko kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ tiwọn ti yà kúrò lára tiwa rèé: ìjọba àpapọ̀ yọwọ́, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Wisconsin àti àwọn Ho-Chunk, wọ́n sì jọ ń bójú tó o, ó tó nǹkan bí éékà 8,600. Igbó padà hù. Odò ń ṣàn bó ṣe wù ú. Lónìí, àwọn ènìyàn ń pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n ń tukọ̀, wọ́n ń gẹṣin. Ní tiwa, ewúrẹ́ nìkan ló ń pàgọ́ sínú àkànṣe iṣẹ́.

Mo ti bú òyìnbó tó. Ó kan àwa náà.

Òyìnbó gbé àpò kan kọ́ èjìká, ó wọ igbó. Àwa gbé kúlà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan fún ohun mímu, ẹ̀kẹta fún ọbẹ̀ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ "torí a ò mọ bí ibẹ̀ ṣe máa rí." Àǹtí kan ti kọ́kọ́ dá a lábàá pé ká rán àńkárá kan náà fún ìrìn àjò yìí. Aṣọ ẹbí! Fún igbó! Ó tiẹ̀ ti mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá. Ẹlòmíràn gbé odó. Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: odó àti ọmọ odó, nínú búùtù ọkọ̀, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, igbó pa lọ́lọ́, òyìnbó ń retí ohùn ẹyẹ, ohun tó sì gbọ́ ni gbì, gbì, gbì. Aṣọ́gbó sáré dé, ó rò pé ẹnì kan ń gé igi ìjọba. Wọ́n fún un ní iyán àti ẹ̀fọ́ rírò. Ó jẹ òkèlè kan, ojú rẹ̀ pọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó béèrè omi, ó mu ún tán, ó sì tún na ọwọ́. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó béèrè ìwé igi ìdáná lọ́wọ́ wa mọ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká má parọ́, a bo òyìnbó mọ́lẹ̀. Lálẹ́, olúkúlùkù wọn fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún marshmallow, ó ń yan án lórí iná, ó fi ṣokoléètì àti bisikíìtì há a, ó ní oúnjẹ igbó ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Àǹtí aláṣọ ẹbí ti gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù ka orí òkúta mẹ́ta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń jó díẹ̀ bó ṣe yẹ kó jó, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ọgbà. Àwọn ọmọ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú àgọ́ wa láìnídìí. Àwọn òbí wọn tẹ̀lé wọn "láti wá mú wọn." Wọ́n mú àwo dání. Ẹ̀san tiwọn ni cheese curds, wàrà tútù tó ń dún láàárín eyín, tí Wisconsin ń fi yangàn. Ìyá kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tọ́ ọ wò, ó ní wàrà ni lóòótọ́, ẹ wá ata gígún. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí òyìnbó mẹ́fà tó ń jẹ wàrà díndín aláta, tí wọ́n ń dúpẹ́ tí wọ́n ń sunkún.

Ohùn wa ni ìṣòro. Òfin ọgbà ni pé tí alẹ́ bá ti lẹ́, kí gbogbo ènìyàn rọra. A rọra. Ẹnì kan ṣáà rántí ìbò ààrẹ Nàìjíríà ti 1993, ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀. Nígbà tí aṣọ́gbó fi máa dé, bọ̀dá méjì ti dìde, ìka wọn wà lókè, ó sì bi wọ́n bóyá kí òun pe ọlọ́pàá. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní eré ni àwọn ń ṣe.

Ẹ kíyè sí eégbọn, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni èyí. Eégbọn àgbọ̀nrín tó wà ní igbó Wisconsin lè fi àrùn Lyme sára ènìyàn. Kékeré ni, òmíràn kò ju hóró irúgbìn lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú sọ́ọ̀kìsì, ẹ fi oògùn kòkòrò pa ara. Bí ẹ bá ti inú koríko dé, kí tọkọtaya yẹ ara wọn wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kíákíá, torí bó bá ṣe pẹ́ lára tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé ajá nìkan la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nílé. Ẹ ṣe é. Ewé oníka mẹ́ta tó ń fà mọ́ igi, tí wọ́n ń pè ní poison ivy, ọmọ ìyá wèrèpè ni. Ẹ má já ewé rẹ̀ nu ọwọ́, ẹ má sì fi nu ibòmíràn.

Raccoon ńkọ́? Olè ni. Òyìnbó ní ojú rẹ̀ wuyì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà, ó sì máa ń mọ èyí tí ẹran wà nínú rẹ̀. Ẹ kó oúnjẹ sínú ọkọ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ìdájọ́ mi, òun rèé. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó má ba ara rẹ̀ jà ní Devil's Lake, èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Wildcat Mountain ni kó lọ, ọgbà ìjọba tó wà lórí òkè nítòsí ìlú Ontario, tó yọjú wo odò Kickapoo. Ilé ìwẹ̀ wà níbẹ̀, irú èyí tí mo sọ lókè. Wọ́n ní ojú àgọ́ fún àwọn ẹlẹ́ṣin pàápàá, kí ẹ má bínú bí ẹ bá rí ẹṣin tó ti gba ààyè ṣáájú yín. Ibi tí wọ́n ti ń yá ọkọ̀ alájẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kò jìnnà, àwọn Amish tó wà káàkiri àgbègbè náà ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà oko wọn, àfi ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í tajà. Oṣù Kẹsàn-án ló dára jù: ẹ̀fọn ti dín kù, ewé ń pọ́n bọ̀, àwọn ọmọ òyìnbó ti wọ iléèwé. Ẹ lọ gba ààyè báyìí, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ mú aṣọ òtútù, kí ẹ fi odó sílẹ̀ nílé.